Àtàǹpàkò Inú Ìwé Géètì

Ẹyọ owó ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin ni ìwé tí ọ́fíìsì rélùwéè fi ránṣẹ́ sọ pé Ìyá Géètì jẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìyá rò pé bóyá òdo kan ló lé. Òdo kankan ò lé. Ọ́fíìsì rélùwéè ní àwọn ló ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ò san owó ilé fún ọdún méjìlá, pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lóṣù ni àwọn fi ṣírò rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlélógóje. Bí owó náà ò bá wọlé kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ìyá Géètì ò sunkún. Ó ní kí ọmọ òun ka ibi tí wọ́n kọ orúkọ òun sí. Ọmọ wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò rí i. “Sí ẹni tó ń gbé inú ilé géètì” ni wọ́n kọ.

“Ẹni tó ń gbé inú ilé,” ìyá tún un wí. “Ṣé aláǹgbá ni mí ni?”

Ilé náà ò ju yàrá méjì lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà nínú ti iwájú, ibùsùn àti àpótí wà nínú ti ẹ̀yìn. Fèrèsé ńlá kan dojú kọ irin. Ìṣó méjì wà lára ògiri, ọ̀kan fún àsíá pupa, ọ̀kan fún àsíá àwọ̀ ewé, àwọ̀ méjèèjì ti ṣí kúrò lára aṣọ. Bàbá Géètì, ọkọ rẹ̀, ti kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí pẹpẹ tí wọ́n ń kó ife sí, kí ife má baà máa bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ọdún méjìlá ti kọjá tí ọkọ̀ kankan ò mi ilé náà, síbẹ̀ pátákó yẹn ò tíì kúrò.

Ká tó débi owó, ó yẹ ká mọ ohun tí géètì yẹn dá sílẹ̀. Kí ojú irin tó dé, ibẹ̀ ò ní orúkọ, torí kò sẹ́ni tó ní ohun tó fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Rélùwéè tẹ́ irin kọjá, ojú ọ̀nà gba orí irin kọjá, wọ́n bá gbé géètì dí ọ̀nà. Nígbà tí géètì bá tì, kẹ̀kẹ́ á dúró, ọmọlanke á dúró, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà á dúró. Ẹni tó dúró, òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Ẹnìkan gbé tíì gbígbóná wá. Ẹnìkan gbé búrẹ́dì tẹ̀ lé e. Ẹni tó dúró yóò rí i pé bàtà òun ti já, aránbàtà bá jókòó. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe dé, akọ̀wé lẹ́tà dé, alágbàfọ̀ dé. Nígbà tó fi máa tó ogún ọdún, ilé ti kún apá méjèèjì ojú irin, gbogbo rẹ̀ sì ń jẹ́ Ìdí Géètì. Owó ilé lápá ibi tí sítéṣọ̀n wà fi ìdajì wọ́n ju ti apá kejì lọ, àwọn tí ń gbé apá tó wọ́n sì ń gbéra ga bí ẹni pé àwọn ló bí irin.

Ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jí àwọn ọmọ iléèwé. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti ọ̀sán ló ń sọ fún àwọn agégedú pé kí wọ́n sọ ayùn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá pẹ́, oúnjẹ gbogbo àdúgbò á pẹ́, ọkọ àti ìyàwó á sì máa na ara wọn lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin apá òkè fẹ́ ọmọbìnrin apá ìsàlẹ̀ nítorí pé géètì dá àwọn méjèèjì dúró lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún. Àwọn obìnrin ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ wọ ọkọ̀ àárọ̀, wọ́n á sì gba ti ìrọ̀lẹ́ padà pẹ̀lú iyọ̀, epo àtùpà àti ìròyìn. Irin ló ń bọ́ gbogbo wọn, géètì ló sì ń ṣọ́ irin.

Ta wá ló ń ṣọ́ géètì? Níbí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba Bàbá Géètì síṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá bi í: ṣé ó ti gbéyàwó? Kì í ṣe pé ọ̀gá náà fẹ́ràn ìgbéyàwó. Géètì kì í sùn, ọkọ̀ ń kọjá tọ̀sán tòru, wákàtí mẹ́rìnlélógún sì ju agbára èèyàn kan lọ. Bí rélùwéè bá gba àpọ́n, wọ́n á gba méjì, wọ́n á san owó oṣù méjì. Bí wọ́n bá gba oníyàwó, wọ́n á san ẹyọ kan, ìyàwó á di èènì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba àwọn aṣọ́géètì láti ìbẹ̀rẹ̀ irin dé òpin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ohun tó ń mówó wọlé fún ọ̀gá, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá mú òru, ìyàwó mú ọ̀sán. Agogo á dún láti sítéṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Géètì á sọ ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ì báà ṣe ìkòkò, ì báà ṣe ọmọ. Á sáré jáde, á di ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń yí géètì mú, á yí i nígbà méjìlélọ́gbọ̀n kí géètì tó tì. Á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, á na àsíá síta títí tí ọkọ̀ á fi kọjá tán. Á tún yí i nígbà méjìlélọ́gbọ̀n kó tó ṣí. Ọkọ̀ mẹ́fà láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tó bí ọmọ tó ń ránṣọ yìí, ó ti padà sídìí irin, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé géètì wà tó gbọ́dọ̀ kọ. Òfin rélùwéè ni pé ẹni tó ti géètì gan-an ni kó kọ aago tí ọkọ̀ kọjá, kó sì buwọ́ lù ú. Ìyá Géètì ò lọ sílé ìwé. Ọkọ rẹ̀ fi èédú kọ́ ọ ní òǹkà lára ògiri, láti oókan dé ẹẹ́sàn-án àti òdo, torí náà ó lè kọ aago. Ìbuwọ́lù ló ṣòro. Ó bá ń ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú aago náà. Òru ní ìbuwọ́lù ọkọ, ọ̀sán ní àtàǹpàkò ìyàwó. Nígbà tí oṣù bá parí, ọ̀gá alábẹ̀wò á dé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàtà-Dídán, torí pé òkúta ojú irin ò fìgbà kan ba bàtà rẹ̀ jẹ́. Á wo ojú ewé, á rí àtàǹpàkò bí ẹsẹ̀ adìyẹ láti òkè délẹ̀, á kí ìyá kú iṣẹ́, á sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bi í rí pé ta ló ni ìka yìí, torí ó mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan kú sáàárín irin. Agogo ti dún. Ìyá Géètì já àsíá pupa gbà lára ìṣó, ó sáré tọ irin lọ tó bí ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀, ó dúró sáàárín, ó ń fì í. Ọkọ̀ èrò dúró, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá sí i. Èrò sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan dì mọ́ ọn. Bàbá Géètì ń sùn nígbà yẹn, ariwo ló jí i. Lẹ́yìn oṣù kan, rélùwéè fi ìwé ìyìn àti aago ọwọ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Géètì, fún ìṣọ́ra tó ṣe ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó sọ fún Bàtà-Dídán pé ìyàwó òun ni. Bàtà-Dídán ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ òṣìṣẹ́ nínú fọ́ọ̀mù. Bàbá bọ́ aago náà fún ìyàwó rẹ̀, okùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, wọ́n bá fi í kọ́ fèrèsé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún kejì ẹ̀, ara ọmọ rẹ̀ kan ń gbóná, ìyá gbé e mọ́ apá kan, ó ń fi ọwọ́ kan yí ọwọ́ irin, géètì ò tíì tì tán tí ọkọ̀ fi gé orí géètì náà. Ẹ̀mí kankan ò lọ, pákó lásán ló lọ. Rélùwéè yọ márùndínláàádọ́ta kúrò nínú owó oṣù Bàbá, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n sì fún un ní rìsíìtì. Bàbá fi rìsíìtì náà sáàárín ìwé géètì ọdún yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ parí, kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Agogo kàn ṣíwọ́ ni. Ìyá Géètì jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá kan gun alùpùpù wá, ó ní ọkọ̀ ò ní kọjá mọ́, owó ló tán. Ó ní kí wọ́n máa gbé inú ilé náà lọ, kí wọ́n bá àwọn ṣọ́ irin, kí olè má baà tú u. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ẹ̀fúùfù ló kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọdún tó yí, alágbàfọ̀ ti kó lọ, aránbàtà tẹ̀ lé e, owó ilé apá tó wọ́n wálẹ̀ ju ti apá kejì lọ, ìgbéraga bá tán. Bàbá kú lọ́dún kejì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kan páànù òrùlé, ó san owó ọsibítù, ìyókù ò kún àtẹ́lẹwọ́.

Ní báyìí, wọ́n ní ọkọ̀ tuntun ń bọ̀. Wọ́n kun ọ́fíìsì, wọ́n ka dúkìá, wọ́n rí ilé, wọ́n rí ẹni tó ń gbé inú ilé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá àti ọmọ lọ sí ọ́fíìsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún ìyá ní àga, ó wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òṣìṣẹ́, kò rí i. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé aya òṣìṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, pé iṣẹ́ tí aya bá bá ọkọ ṣe, ìrànlọ́wọ́ nínú ilé ni. Ó gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá ní òun fẹ́ tọ̀. Ilé ìtọ̀ tuntun wà lẹ́yìn ọgbà, obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tábìlì kékeré. Ẹyọ owó méjì ni. Ìyá san án, obìnrin náà já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rélùwéè lórí.

Lójú ọ̀nà ilé, ọmọ ń sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú méjì, kí àwọn bẹ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kó yá àwọn ní ìyókù.  Ìyá ń wo tíkẹ́ẹ̀tì náà, ojú àti ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí ọmọ bá òun fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Ìwé géètì ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Rélùwéè ò wá kó wọn, Bàbá ò sì jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Mẹ́tàlélógún ló yẹ kó jẹ́. Ikán ti jẹ méjì, ó ku mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ka àtàǹpàkò. Ọmọ ń ka ojú ewé, ìyá ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri, ibi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní òǹkà náà gan-an. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí kò wá, ọjọ́ mìíràn á fi ọkọ̀ àkànṣe dí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta ó dín mẹ́wàá ni wọ́n rí. Ọmọ ní kí àwọn fi ti ọdún méjì tí ikán jẹ kún un. Ìyá kọ̀. Ó ní ohun tí òun ò lè fi hàn, òun ò ní béèrè; kí ikán lọ fi ṣe owó oṣù tirẹ̀. Inú ìwé ọdún kẹwàá ni rìsíìtì ti já bọ́. Ọmọ kà á. Ìyá ní kó tún un kà. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, inú ń bí i débi pé tíì rẹ̀ tutù sọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n yá ọmọlanke lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, wọ́n kó ìwé sí i, wọ́n tì í dé ọ́fíìsì. Akọ̀wé rí wọn, ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, ọkùnrin abikùn tó gbé gíláàsì ojú sórí irun. Ọ̀gá náà ṣí ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó rí àtàǹpàkò, ó rí ìbuwọ́lù alábẹ̀wò nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń tu ọmọ nínú.

“Mama, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Ojú àánú la ó fi wò ó. Màá kọ ọ́ pé a ti fi gbèsè náà jì yín.”

Ọmọ fi ẹsẹ̀ kan ìyá lábẹ́ tábìlì, kó tètè dúpẹ́. Ilé ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ó ku kó di í mú. Ìyá Géètì yí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò.

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi là ń forí jì. Kí ni mo jí?”

Ó mú rìsíìtì jáde nínú kókó gèlè rẹ̀, ó nà án sí akọ̀wé, ó ní kó kà á sókè kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbọ́. Akọ̀wé kà á: márùndínláàádọ́ta, owó ìtanràn, nítorí àìkíyèsára ìyàwó aṣọ́géètì lẹ́nu iṣẹ́.

“Lẹ́nu kí ni?” ìyá béèrè.

“Lẹ́nu iṣẹ́, Mama.”

“Ẹ gbọ́ bí. Nígbà tí ẹ fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó kan kí ẹ sanwó fún mi, mo di ìrànlọ́wọ́ nínú ilé. Nígbà tí ẹ tún fẹ́ gbowó, mo di ẹni tó ń gbé inú ilé. Èèyàn mélòó ni mí gan-an?”

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé àwọn tó ṣe é ti kú. Ìyá dá a lóhùn pé gbèsè kì í jẹrà, pé òun tí wọ́n ṣe é fún ò tíì kú. Akọ̀wé, tó ń ṣí ìwé kiri, bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin tí wọ́n tẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, bóyá láìmọ̀ pé ohùn òun ń jáde: ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan géètì, ọ̀gá tó bá sì fàyè gbà á ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì wò ó bí ẹni pé kó gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ọ̀rọ̀ ti yọjú ná. Bí obìnrin yìí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́, a jẹ́ pé rélùwéè fi ẹ̀mí èrò sọ́wọ́ ẹni tí òfin ò gbà láyè, wọ́n sì buwọ́ lù ú lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, owó rẹ̀ dà?

Ọ̀gá bi í ní ohùn kékeré pé èló ló rò pé wọ́n jẹ òun. Ìyá gbé tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìtọ̀ sórí tábìlì.

“Ẹyọ owó méjì lẹ̀ ń gbà lórí ẹni tó bá tọ̀ nínú ọgbà yín. Mi ò ní kí ẹ san irú owó tí dókítà ń gbà fún mi. Ẹ ka ọkọ̀ ojú irin kan sí ìtọ̀ ẹnì kan.”

Akọ̀wé yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ìyá ti ṣírò rẹ̀ tán, ó ń fi ìka kà á lórí tábìlì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta ó dín mẹ́wàá, ní méjì méjì, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rùn-ún ó dín ogún nìyẹn. Kí wọ́n yọ owó ilé wọn, gbogbo ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin, òun ò jiyàn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló ní kí òun wá ṣọ́ irin fún wọn. Ó ku ọ̀kẹ́ kan ó dín ogún.

Ọ̀gá mú gègé. Ó kọ ọ́ sórí ìwé gbèsè náà pé owó ilé, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin, ti di sísan. Pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti fi ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ san án. Ọmọ kà á fún ìyá. Ìyá tì í padà. Ó ní “ìrànlọ́wọ́” kọ́, owó iṣẹ́ ni. Ọ̀gá fagi lé ọ̀rọ̀ náà, ó kọ “owó iṣẹ́ aṣọ́géètì ọ̀sán”. Ìyá tún tì í padà: ta ni aṣọ́géètì ọ̀sán? Ọ̀gá béèrè orúkọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí rélùwéè máa béèrè é. Ó sọ ọ́ fún un, lódindi, tòun ti ti bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀.

Ó ku ìyókù. Ọ̀gá ní òun ò láṣẹ láti kọ ọ́. Ìyá ní kó kọ ọ́ pé òun ò láṣẹ. Ọ̀gá ní òun ò láṣẹ láti kọ ìyẹn náà. Ìyá Géètì bá gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi òǹkà tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ kọ 19980 sábẹ́ òǹtẹ̀, ó fa àwo tàdáwà ọ̀gá mọ́ra, ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Akọ̀wé ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó fi ọ̀kan sínú fáìlì.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá tún fẹ́ tọ̀. Ọmọ ní kí àwọn má san án, kí obìnrin ẹnu ọ̀nà yọ ọ́ nínú ohun tí ọ́fíìsì jẹ. Ìyá bi obìnrin náà pé bí owó ò bá pé nírọ̀lẹ́, ta ló ń san án? Obìnrin náà ní wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù òun. Ìyá Géètì tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka ẹyọ méjì sórí tábìlì, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan ó dín ogún ṣì wà nílẹ̀.